Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Tún Ìtutù Káàdì Yín Ṣe Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Ó ti di àṣà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Bí káàdì àwòrán bá ti ń gbóná, tí fáànù rẹ̀ ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀, tí géèmù ń dúró lójijì, tàbí tí iṣẹ́ machine learning tó yẹ kó gba wákàtí méjì wá ń gba márùn-ún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu wa: "Káàdì yìí ti kú." Láti ibẹ̀ ni owó ti ń dàrú. Ẹnìkan á pe ilé, ẹlòmíràn á yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ẹlòmíràn á sì ta káàdì náà ní ìdajì owó fún ẹni tó gbọ́n jù ú lọ. Ẹni yẹn á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, á fi péésì tuntun sí i, á sì tà á padà ní owó gidi.

Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní fi bò: ọ̀pọ̀ káàdì tí à ń pè ní òkú ní Ọ̀tà yìí ò kú rárá. Ìtutù wọn ló bàjẹ́. Ìtutù sì jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lórí tábìlì tó fi ń kàwé. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ pé ìtutù ni ìṣòro náà, àmọ́ tí wọ́n sáré lọ paṣẹ cooler ńlá láti òkè òkun. Àwọn náà sáré jù. Cooler olówó gọbọi yẹn ló yẹ kó kẹ́yìn, òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Rédíétọ̀ ni, ẹ̀yin ará

Gbogbo ẹni tó bá ti wọ dánfó láti Ojú-Ọrẹ lọ sí Sango ti rí ọkọ̀ tó ń hó rí. Awakọ̀ á páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dúró kó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà á bu omi sí rédíétọ̀. Bó bá tún hó lọ́jọ́ kejì, á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì á wo fáànù, á wo páìpù, á wò ó bóyá rédíétọ̀ ti dí. Kò sí awakọ̀ kan lábẹ́ bíríjì Sango tó máa torí pé omi hó kó lọ ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Àmọ́ ohun tí àwa ọmọ yunifásítì ń ṣe gan-an nìyẹn.

Káàdì àwòrán, tí gbogbo wa ń pè ní GPU, kò yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ohun tí ojú ń rí nínú géèmù, ṣùgbọ́n láti ọdún 2007 tí NVIDIA ti gbé CUDA jáde, ó ti di ẹ̀rọ ìṣirò fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní ọdún 2012, káàdì GTX 580 méjì péré, irú èyí tí àwọn ọmọ géèmù ń rà, ni Alex Krizhevsky àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Toronto fi kọ́ AlexNet, èyí tó yí ojú ìmọ̀ AI padà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun ìṣeré ni káàdì tó wà lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀.

Gbogbo iná tí káàdì bá jẹ, ooru ló ń dà. GTX 1060 máa ń jẹ tó 120 wáàtì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tagbára-tagbára, RTX 3060 sì máa ń jẹ tó 170. Ẹ rántí àwọn gílóòbù àtijọ́ oní-60-wáàtì tí a kò lè fọwọ́ kàn bí wọ́n bá ti tàn díẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ooru méjì irú rẹ̀ tó ń jáde láti ara nǹkan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọ̀nà tí ooru yẹn ń gbà jáde rọrùn láti ṣàlàyé. Láti ara chip, ó ń gba inú thermal paste bọ́ sórí bàbà. Láti ara bàbà, ó ń gba inú páìpù lọ sára àwọn ewé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi aluminium ṣe. Láàárín àwọn ewé irin yìí ni fáànù ti ń fẹ́ atẹ́gùn tó máa gbé e lọ. Bí ibì kan ṣoṣo lára ọ̀nà yìí bá dí, gbogbo ọ̀nà ló dí.

Káàdì kì í sì í kàn jóná lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti fi òpin sí i: digírì Celsius 94 ni fún GTX 1060, 93 sì ni fún RTX 3060. Kó tó débẹ̀ rárá ló ti máa ń fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Àwọn GTX 10 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù ní nǹkan bíi digírì 83. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ wákàtí méjì fi ń di ti márùn-ún. Káàdì kò kú, ó ń gba ara rẹ̀ là ni.

Ooru Ọ̀tà kì í ṣe ooru Jámánì

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí. A máa ń wo fídíò tí ẹnìkan ṣe ní ìlú òyìnbó, ó fi cooler tuntun sára káàdì rẹ̀, ìwọ̀n ooru sì já wálẹ̀ sí 65. Àwa náà á ní, "Èyí ni mo ń wá." Ohun tí a kì í béèrè ni pé, mélòó ni yàrá rẹ̀?

Kò sí fáànù tàbí irin kankan lára káàdì tó lè mú un tutù ju atẹ́gùn inú yàrá lọ. Ohun tí cooler ń ṣe ni pé ó ń dín ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru chip àti ooru yàrá kù. Bí yàrá ẹni yẹn bá jẹ́ digírì 21 tí káàdì rẹ̀ sì wà ní 65, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44. Ẹ wá gbé cooler kan náà àti káàdì kan náà wá sí yàrá kan ní Ìyànà Ìyẹ̀sí ní oṣù kẹta, ní aago méjì ọ̀sán, tí NEPA ti mú iná lọ, tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀ tí kò lè gbé AC. Bí yàrá bá wà ní digírì 34, ẹ fi 44 kún un: 78 ni. Cooler náà kò burú o, ibi tó bá ara rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ná owó ńlá nítorí 65, tó wá rí 78, á rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Ohun kejì ni eruku. Ọ̀tà kì í ṣe ìlú tí eruku rẹ̀ kéré. Àwọn tírélà tó ń kó ẹrù wọ ilé-iṣẹ́ àti èyí tó ń kó jáde, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò àti àwọn àdúgbò tí kò ní ọ̀dà, èéfín jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé láti ojú fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Bí ọyẹ́ bá wá dé, eruku aṣálẹ̀ á tún dà lé e. Eruku yìí kì í kàn bà lé káàdì lásán. Fáànù ló ń fà á wọlé, á sì so pọ̀ mọ́ra láàárín àwọn ewé irin títí á fi nípọn bí aṣọ. Lójú wa, fáànù ń yí, ó tiẹ̀ ń pariwo, àmọ́ atẹ́gùn kò kọjá mọ́.

Ohun kẹta ni ibi tí káàdì ti wá. Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ jù nínú èyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń rà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum yí ètò rẹ̀ padà, kò sì sí ìdí mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti máa fi GPU wa owó yẹn. Àìmọye káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló bọ́ sọ́jà tòkúnbọ̀ káàkiri ayé. Chip inú irú káàdì bẹ́ẹ̀ lè wà láàyè dáadáa. Àmọ́ fáànù rẹ̀ ti sáré títí ó ti rẹ̀ ẹ́, péésì rẹ̀ ti gbẹ bí ẹrẹ̀ inú oòrùn, àwọn páàdì tó wà lórí memory rẹ̀ sì ti le. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ láìṣí i wò dà bí ẹni tó ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ láìyí ọ́ìlì rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan súkúrù, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. HWiNFO àti GPU-Z jẹ́ sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tó ń ka ìwọ̀n ooru káàdì. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wò nígbà tí káàdì bá ń ṣiṣẹ́ gidi: ooru chip lápapọ̀, àti ooru ibi tó gbóná jù lára rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hotspot. Bí méjèèjì bá jọ ga, tí ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eruku, fáànù tàbí yàrá ló fà á. Bí hotspot bá fi digírì 25 tàbí 30 ju èkejì lọ, péésì ni kí ẹ fura sí, tàbí irin tí kò jókòó dáadáa. Bí àmì pípọ́n, ìlà tàbí àpólà àwọ̀ bá ń hàn lójú kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí ẹ ti tàn án, tí káàdì ṣì tutù, ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá ìtutù. Ẹ má fi péésì ṣòfò lórí rẹ̀.

Eruku ni àkọ́kọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti blower kékeré tó iṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà kó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣe é. Omi máa ń wà nínú ọpọ́n compressor yẹn, á sì bá afẹ́fẹ́ jáde. Agbára rẹ̀ tún lè mú fáànù sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, tí ibi tó ń yí lé á sì bàjẹ́. Bó bá jẹ́ blower tiyín náà ni, ẹ fi ìka di fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ ẹ.

Péésì ló tẹ̀ lé e. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin kéèsì kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí pé iná tó ń ta wá lára nígbà tí a bá ń bọ́ ẹ̀wù lè pa chip. Bí irin bá lẹ̀ mọ́ chip, ẹ má fi ipá fà á. Ẹ lo káàdì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó móoru kí ẹ tó yọ ọ́, péésì á rọ̀, ẹ ó sì máa yí irin náà lọ́tùn-ún lósì díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà fáànù tó so irin pọ̀ mọ́ káàdì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já nǹkan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Isopropyl alcohol tó jẹ́ 90 nínú 100 sókè àti òwú ni kí ẹ fi nu péésì àtijọ́. Péésì tuntun tó tó hóró ẹ̀wà kékeré kan ti tó, kí ẹ tẹ́ ẹ kó bo ojú chip pátá. Ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe péésì, ẹ jọ̀ọ́: á gbẹ, ẹ ó sì tún padà síbẹ̀. Bí ẹ bá ń dè é padà, ẹ fún súkúrù kan díẹ̀, kí ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i ní ìdàkejì, kí ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wọn á fi le. Ẹni tó bá fún ẹgbẹ́ kan le tán kó tó bọ́ sí èkejì, á tẹ chip lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì lè sán.

Ẹ má gbàgbé páàdì. Péésì kọ́ ló wà lórí memory àti lórí àwọn ẹ̀yà tó ń pín iná, páàdì rírọ̀ ni. Sísanra rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ mílímítà 1, tí ẹ wá fi ti 2 sí i, irin kò ní kan chip mọ́, káàdì á sì gbóná ju ti àná lọ. Bí ẹ bá fi èyí tó tín-ínrín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, memory ni kò ní rí ohun tó máa fa ooru rẹ̀. Ẹ wọn ti àtijọ́ kí ẹ tó ra tuntun.

Ohun tó kù kò gba súkúrù rárá. MSI Afterburner, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, lè dín iná tí káàdì ń jẹ kù. Bí ẹ bá fà á wá sí 80 nínú 100, ohun tí ẹ máa pàdánù nínú eré rẹ̀ kì í tó ohun tí ẹ dín kù nínú iná, ooru á sì rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, tí NERC fọwọ́ sí i pé kí owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti 68 náírà lọ sí 225, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa sun iná tí kò wúlò fún un.

Fáànù lásán, iṣẹ́ ńlá

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ó sì hàn pé fáànù káàdì ló ti kú, ẹ má tíì lọ paṣẹ ohunkóhun. Ẹ wo irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbà àti aluminium kì í gbó bí fáànù ṣe ń gbó. Bí páìpù kò bá tẹ̀, tí ewé irin kò sì wó, irin yẹn ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ike tó bò ó àti àwọn fáànù kéékèèké ara rẹ̀ nìkan ni kí ẹ bọ́ kúrò. Ẹ wá fi fáànù kéèsì méjì tó jẹ́ mílímítà 120 rọ́pò wọn, kí ẹ fi cable tie dè wọ́n mọ́ irin náà. Fáànù ńlá tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ ń fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀ ju ti kékeré tó ń sáré pariwo.

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ kíyè sí. Ẹ rí i pé ojú tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọjú sí irin. Ẹ rí i pé wáyà kankan kò kan abẹ́ fáànù. Ẹ wọn àyè tó wà nínú kéèsì, torí káàdì á nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lákòótán, ẹnu wáyà fáànù kéèsì tóbi ju ihò ti ara káàdì lọ: ẹ ra adapter kékeré tó so méjèèjì pọ̀, tàbí kí ẹ kì í bọ ara motherboard, kí ẹ sì lo FanControl láti mú kí fáànù máa tẹ̀ lé ooru GPU dípò ti CPU. Ẹni tó bá wò ó máa rẹ́rìn-ín pé káàdì yín rí bí ohun tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ooru rẹ̀ hàn án.

Ìgbà wo wá ni cooler tuntun tọ́?

Mi ò sọ pé cooler tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ kò wúlò. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé ó wúlò. Nígbà tí NVIDIA gbé GeForce FX 5800 Ultra jáde ní ọdún 2003, ariwo fáànù rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ènìyàn ń fi í wé ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilẹ̀. Irú nǹkan báyìí ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Zalman àti Arctic rí oníbàárà. Accelero Xtreme III ti Arctic ní fáànù mẹ́ta. Morpheus ti Raijintek jẹ́ irin ńlá tí ẹni tó rà á máa fi fáànù tirẹ̀ sí. Bí irin tí káàdì bá wá jẹ́ èyí tó kéré gan-an, tàbí tí ó ti fọ́, tí káàdì sì jẹ́ èyí tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ kí a ná owó lé e lórí, a kò lè sọ pé ẹni tó rà á ṣe àṣìṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 480 náírà ní iye ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Cooler tó jẹ́ 60 dọ́là, tí kò tó 29,000 náírà tẹ́lẹ̀, ti di ohun tó ju 90,000 lọ, kí a tó sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Pẹ̀lú owó yẹn, ó lè má bá káàdì yín mu: ihò súkúrù tó yí chip ká kì í ṣe ìwọ̀n kan náà lára gbogbo káàdì. Ó wúwo, ó lè fa káàdì wálẹ̀ nínú ihò rẹ̀ bí kò bá sí ohun tó gbé e ró. Àwọn irin kéékèèké tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ memory náà lè já nínú ooru wa bí ẹ kò bá nu ojú ibẹ̀ dáadáa. Nítorí pé cooler tí káàdì òde òní ń bá wá ti dára sí i, àwọn tó ń ṣe irú èyí fún títà ti dín kù, èyí tó sì bá káàdì tuntun mu kò rọrùn láti rí.

Àwọn tó ní ká má fọwọ́ kàn án

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan. "Wáráńtì á bàjẹ́." Òótọ́ ni, bí káàdì yín bá jẹ́ tuntun tí wáráńtì rẹ̀ sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àmọ́ wáráńtì wo ló wà lára tòkúnbọ̀ tí wọ́n ní "ìdánwò ọjọ́ mẹ́ta" fún?

"Kí ló dé tí a kò gbé e lọ fún àwọn engineer ní Computer Village?" Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn èèyàn yẹn gidigidi. Àwọn kan wà nínú wọn tó lè yọ chip kúrò kí wọ́n sì tún un jó padà, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè ṣe. Nítorí náà gan-an ni kò ṣe yẹ ká máa rin ìrìn àjò láti Ọ̀tà dé Ìkẹjà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Toll Gate, torí eruku. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ tó le sílẹ̀ fún ẹni tó mọ èyí tó le.

"Bí mo bá wá bà á jẹ́ ńkọ́?" Èyí ni mo kà sí jù, torí pé ewu rẹ̀ wà lóòótọ́. Káàdì jẹ́ ohun olówó, ọwọ́ tó bá sì ń gbọ̀n lè ya nǹkan. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má fi káàdì tí ẹ ń lò kọ́ iṣẹ́. Ẹ wá káàdì àtijọ́ tó ti kú pátápátá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, kí ẹ tú u kí ẹ sì tò ó padà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rù á ti lọ.

Ọwọ́ àti ìwé

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ìlú ilé-iṣẹ́ ni Ọ̀tà. Àwọn tó ń yọ́ irin wà níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń tẹ́ aluminium, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ewé irin ara káàdì gan-an. Ní gbogbo ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ti mọ̀ pé ẹ̀rọ tí a kò bá fọ rédíétọ̀ rẹ̀ máa dákú. Oníṣẹ́ AC àdúgbò yín mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ dánfó mọ̀ ọ́n. Ní ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kan náà ni Covenant àti Bells wà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ òfin Newton lórí bí nǹkan gbígbóná ṣe ń tutù, tí ó sì ń gba A nínú ìdánwò heat transfer. Ìdáhùn tó gba A yẹn gan-an ló wà lára káàdì tó ń gbóná lórí tábìlì rẹ̀: mú ojú irin mọ́, mú atẹ́gùn pọ̀, dín ooru yàrá kù. Kí ló wá dé tí òun fi ń pe ilé fún owó káàdì tuntun?

Kì í ṣe pé a kò gbọ́n. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó kàwé kì í fọwọ́ kan súkúrùdíráfà, pé iṣẹ́ "àwọn mẹkáníìkì" ni. Èrò yẹn ń ná wa ní owó. Bó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ni, ó lè ná an ní sáà kan odindi, torí pé káàdì tó gbóná ní oṣù tí wọ́n ń gba iṣẹ́ kì í dúró de owó tó ń bọ̀ láti ilé.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà àti ti ẹ̀ka ẹ̀rọ ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n dáwó ra péésì, isopropyl alcohol, páàdì oríṣiríṣi ìwọ̀n àti súkúrùdíráfà tó péye, kí ó di ti gbogbo ẹgbẹ́. Kí wọ́n wá káàdì tó ti kú méjì tàbí mẹ́ta fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ. Kí ẹni tó ti ṣe é rí jókòó ti ẹni tí kò ṣe é rí. Àwọn oní-laptop náà kò ní jáde lófo, torí péésì àti eruku kan náà ló wà nínú tiwọn.

Títí ọjọ́ Sátidé yẹn á fi dé, ẹ ṣe ohun kan lónìí. Ẹ ka ooru yàrá yín, ẹ ka ooru káàdì yín nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ yọ èkíní kúrò nínú èkejì, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kà á. Ní oṣù mẹ́ta sí i, ẹ tún kà á. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti gòkè, ẹ ti mọ̀ pé eruku tàbí péésì ti ń bá iṣẹ́ lọ, owó péésì sì nìyẹn, kì í ṣe owó káàdì.